Òkìkí Hidetoshi Nakata: Ta Ni Ó Ni Ìròyìn Gbajúmọ̀?

Èròǹgbà wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ọ̀nà tí òkìkí Hidetoshi Nakata, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Japan, gbà ń tàn kálẹ̀ wò. Àwọn kan máa ń tú ọ̀rọ̀ náà 'gbajúmọ̀' sí 'igba ojú mọ̀ ọ́n'. Bí a bá gba ìtúmọ̀ yìí, a jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn ni òkìkí ń gbé, kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí a ń wò. Nakata gbìyànjú láti gbà á padà.

Ìlú Kofu ni a ti bí i ní 1977. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Bellmare Hiratsuka kí Perugia, ní Ítálì, tó rà á ní 1998. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó gbá góòlù méjì wọlé Juventus, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Juventus ni ó borí, 4 sí 3. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Japan ti ń wọ́ lọ sí Perugia láti wò ó, tí àwọn oníròyìn sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí òjìji.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀. Nakata kò fọkàn tán àwọn oníwèé ìròyìn. Nítorí náà ni ó fi dá ojúlé tirẹ̀, nakata.net, sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù tí ó ní irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti ń bá àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí alágbàsọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, 2006, lẹ́yìn tí Brazil fi 4 sí 1 na Japan ní Dortmund, gbogbo ayé rí i tí ó nà gbalaja sórí pápá, tí kò sì tètè dìde. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje ni ìdí rẹ̀ tó hàn, lórí ojúlé yìí kan náà: ó ti fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 29, ó sì ti pinnu rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Kò sí oníròyìn tí ó gbà á sọ fún un.

Ṣùgbọ́n, ní tiwa, a rò pé agbára yìí ní ààlà. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, 2001, Juventus ti ń fi 2 sí òdo na Roma ní Turin nígbà tí Nakata wọlé rọ́pò Totti. (Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dẹ òfin tí ó ń ká àwọn àjèjì lọ́wọ́ kò.) Ó gba góòlù kan wọlé láti òkèèrè, ó tún gbá òmíràn, aṣọ́lé kò lè dì í mú, Montella sì gbá a wọlé. Roma gba ife líìgì ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí nígbà náà fi mọ̀ ọ́n lónìí. Kì í ṣe òun ni ó ń pín in kiri, kò sì lè pàṣẹ ohun tí wọn yóò sọ nípa rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ti kọjá síbòmíràn. Láti 2009 ni ó ti ń rin ìpínlẹ̀ 47 tí ó wà ní Japan, tí ó ń bẹ àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí ń pọn sake, ọtí ìrẹsì, wò. Ní 2015 ni ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa polówó ọtí náà.