Eré Ọmọdé Lásìkò Ọyẹ́

Ẹ̀yin ìyá àti ará ilé ní Ìbà, Ọ̀jọ́ àti Òkokomáíkò, ọyẹ́ tó ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá máa ń mú kí òbí ti ọmọ mọ́lé lópin ọ̀sẹ̀, sídìí tẹlifíṣọ̀n. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ó kéré tán, kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa rìn, kí ó máa sáré, kí ó máa fò fún wákàtí 3 lójúmọ́. Kí tẹlifíṣọ̀n má ju wákàtí 1 lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa, kí òtútù òwúrọ̀ rọlẹ̀. Ẹ fi òrí pa wọ́n lára, ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ, ẹ máa fún wọn lómi. Kí ìyá méjì sí mẹ́ta parapọ̀ láti máa ṣọ́ wọn nínú àgbàlá, jìnnà sí títì Àgbádárìgì. Bojúbojú àti tẹ́ńtẹ́ń kò náni ní kọ́bọ̀.

Bí eruku bá pọ̀, ẹ wọlé, ẹ pàlọ́. Ẹ má fi ọmọ ayò sílẹ̀ nítòsí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3, kí ó má baà há a lọ́fun.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, tí ó ń mí lókelókè, ẹ gbé e lọ sí iléewòsàn kíákíá.

Ìlera loògùn ọrọ̀.