Nígbà tí Ọ̀nà Ìjọba bá Gba Orí Ilẹ̀ Yín Kọjá

Ìwé ìlàlóye fún àgbẹ̀, onílé àti ẹbí tó ní ilẹ̀

Bí katapílà ìjọba ìbílẹ̀ bá wọ oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó wó kòkó àti ọ̀pẹ lulẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé, “Ìjọba ló nilẹ̀, kí la fẹ́ ṣe?” Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ẹ̀tọ́ wọn sílẹ̀. Lóòótọ́ ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n kó lè bá aráàlú tọ́jú rẹ̀ ni. Òfin kan náà ló sọ bí ìjọba ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọ́, ẹ sì lè pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́, àti agbaṣẹ́ṣe tó rán wá pẹ̀lú.

Ìwé wo ló yẹ kí ẹ rí?

Ní ìgboro, alága káńsù kò lágbára láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. Gómìnà ló lè fagi lé ẹ̀tọ́ yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fún láṣẹ ló gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé ìfagilé náà, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n lè fi lé yín lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ nílé tí ẹ ń gbé. Ìgbà tí wọn kò bá rí ọ̀nà mọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì ẹni tó nilẹ̀ ni òfin tó gbà kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn kedere lórí ilẹ̀ náà. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi sàmì sára ògiri kì í ṣe ìwé, ìkéde orí rédíò náà kì í ṣe ìwé. Nínú ẹjọ́ Goldmark àti Ibafon, ní 2012, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé títẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó.

Ní ilẹ̀ oko tí kò sí lábẹ́ ìgboro, agbára káńsù gbòòrò díẹ̀. Abala 6 Òfin Ìlò Ilẹ̀ gbà á láàyè láti wọ ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ṣùgbọ́n abala kan náà ní kó san gbà-máà-bínú lórí ohun tí ẹ ti ṣe sórí ilẹ̀ náà, bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ oko, kó wá ilẹ̀ mìíràn fún yín tí ẹ óò máa dáko lé. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ìrọ́pò wà. Ẹ béèrè fún un, kí ẹ sì béèrè fún un nínú ìwé.

Iṣẹ́ ìlú ni ọ̀nà ṣíṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fi orúkọ ọ̀nà gba ilẹ̀, tí wọ́n wá gé lára rẹ̀ fún ẹnìkan láti kọ́ ilé epo tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ní 1991, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìjọba kò lè torí iṣẹ́ ìlú gba ilẹ̀ ẹnìkan kó sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún èrè ara rẹ̀.

Owó gbà-máà-bínú

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun èèyàn jù. Lórí ilẹ̀ lásán, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni òfin ní kí wọ́n dá padà. Ẹni tí kò san nǹkankan lè máà rí nǹkankan gbà. Èyí kò tó rárá fún ẹbí tó ti ń jẹun lórí ilẹ̀ kan láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn. Owó tó wà níbẹ̀ wà lórí ilé àti nǹkan ọ̀gbìn. Fún ilé, wọn yóò díwọ̀n iye tí yóò náni láti kọ́ irú rẹ̀, wọn yóò yọ ti gbígbó kúrò, bí owó náà bá sì pẹ́, èlé báńkì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé ni, wọ́n lè fi ilé mìíràn rọ́pò rẹ̀. Iye tí ìjọba bá là kalẹ̀ ni wọ́n ń san lórí nǹkan ọ̀gbìn.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá wá ka igi ni kí ẹ wà lóko. Ẹ mú ìwé tiyín dání, kí ẹ máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Kòkó tó ti ń so kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ẹ rí i pé wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo oko kí katapílà tó dé. Ẹ má tẹ ìka sórí fọ́ọ̀mù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí, ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Bí owó náà kò bá tọ́, abala 44 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí wọ́n tètè san án, ó sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sílé ẹjọ́ lórí iye rẹ̀.

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè pe ẹni tó wọ ọ́ láìtọ́ lẹ́jọ́, òun ló sì ni ohun tó gbìn.

“A fi ilẹ̀ náà tọrẹ ni”

Ọ̀pọ̀ ìlú ló máa ń bẹ káńsù pé kó wá la ọ̀nà, tí baálé á sì ní ẹbí ti yọ̀ǹda ilẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè yí padà kó ní wọ́n wọ ilẹ̀ òun láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n olórí ẹbí kò lè dá fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ yọ̀ǹda, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: báwo ni ọ̀nà náà yóò ṣe fẹ̀ tó, ta ló fọwọ́ sí i, ta ni yóò san owó àwọn igi tó bá wó?

Bí ẹ bá fẹ́ pẹjọ́

Ẹ má jókòó pẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ a máa yọ àwọn ẹjọ́ ilẹ̀ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún káńsù ní ìwé pé ẹ fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, kí ẹ sì dúró fún oṣù kan. Ẹjọ́ tó dára ti ṣubú nítorí pé wọn kò kọ ìwé yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín kọ ọ́. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè kọ́kọ́ lọ sí Public Complaints Commission, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1975 láti gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tí kì í gba owó. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí oṣù mẹ́ta yẹn kọjá níbi tí ẹ ti ń dúró dè wọ́n.

Orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tí ẹ óò kọ sí káńsù, pẹ̀lú ibi tí ilẹ̀ wà, ọjọ́ tí wọ́n wọ ọ́, ohun tí wọ́n bàjẹ́, àti ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ. Káńsù yóò gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ kí wọ́n kọ déètì sí èkejì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.