Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Tú Àṣírí Ọkàn

Nǹkan márùn-ún ni àwọn oníṣègùn máa ń wò pọ̀: ikùn tó tóbi, ìfúnpá tó tó 130/85, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó tó 100 láàárọ̀ kí ènìyàn tó jẹun, ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní tráíglísẹ́ráìdì tó tó 150, àti HDL, ìyẹn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rere, tí kò tó 40 lára ọkùnrin tàbí 50 lára obìnrin. Ẹni tí mẹ́ta nínú wọn bá pé sí lára ni wọ́n ń sọ pé ó ní metabolic syndrome. Gerald Reaven, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1988 pé gbòǹgbò kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ní: ínsúlínì wà lára, ṣùgbọ́n ara kò dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ewu àrùn ọkàn lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ni ọkàn yóò dà láàmú, ìdí nìyí tí a fi ń wá àmì inú ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi ẹni tí ewu súnmọ́ jù hàn.

LDL, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù burúkú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, àmọ́ ó lè tan ni jẹ níbí yìí. Àwọn hóró tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kiri máa ń kéré lára ẹni tó ní ìṣòro yìí. Ẹrù inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn pọ̀. Kọ́ńgò gàrí mẹ́wàá tí a dì sínú àpò kéékèèké yóò gba àpò púpọ̀ ju èyí tí a dì sínú àpò ńlá lọ. Iye àpò ló ń ṣe ọṣẹ́, nítorí hóró wọ̀nyí ló ń wọ ara òpó ẹ̀jẹ̀ lọ tí wọ́n sì ń há síbẹ̀. Hóró kọ̀ọ̀kan ní purotéènì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ApoB. Ẹni tó bá wọn ApoB ti ka hóró nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tráíglísẹ́ráìdì kan àwọn adúláwọ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà àti ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fi hàn pé tiwọn kì í sábà ga, kódà nígbà tí ara wọn kò bá dá ínsúlínì lóhùn mọ́. Ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ìfúnpá rẹ̀ sì ga, lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sí méjì dípò mẹ́ta, kí wọ́n sì ní kó máa lọ ilé. Ìfọ̀kànbalẹ̀ asán gbáà ni. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, náà ní tirẹ̀: ó lè kéré ju bó ṣe yẹ lọ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, ó sì yẹ kí dókítà mọ èyí kó tó ka èsì náà.

Lp(a), hóró mìíràn tó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kiri, tí Kåre Berg ṣàwárí ní Norway ní 1963, ga lára àwọn adúláwọ̀ ju lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àjogúnbá ni, oúnjẹ àti eré ìdárayá kì í fi bẹ́ẹ̀ mú un wálẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré láyé àgbàlagbà ti tó láti wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rá inú ikùn kì í jókòó lásán. Ó ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì tú purotéènì CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Lára àwọn tí òtútù àyà mú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1930. Nínú àyẹ̀wò hs-CRP, èyí tí kò tó 1 dára, èyí tó ju 3 lọ ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n ibà tàbí egbò lè gbé e sókè fíofío. Bó bá ju 10 lọ, kí a wá àìsàn tó fà á, kí a sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì.

Troponin àti NT-proBNP ń wá láti inú ọkàn fúnra rẹ̀, nígbà tí iṣan rẹ̀ bá ń jìyà. Sísanra máa ń fa NT-proBNP wálẹ̀, nítorí náà iye tó kéré lára ẹni tó sanra kò tó ẹ̀rí pé kò séwu.

Kì í ṣe gbogbo ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe ApoB. Ẹni tí kò bá rí i ṣe lè mú èsì lásán tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó yọ HDL kúrò nínú àpapọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 210, tí HDL sì jẹ́ 38, 172 ló kù. Iye yìí sún mọ́ ohun tí ApoB ń sọ ju LDL nìkan lọ, kò sì gba kọ́bọ̀ kan sí i.