Aláró Tí Kò Ní Ìkòkò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ibí. Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lára pákó kọjá ohun tí ẹnu mi lè pa mọ́.

Nígbà tí mo fẹ́ kan àjà ilé yìí, mo fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀yìngbò lọ sí Oko Bàbá, ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí gẹdú tí wọ́n so pọ̀ bí ẹní ti máa ń gba orí ọ̀sà wọlé láti ìhà Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Arère ni mo rà, ó funfun bí ẹ̀kọ. Òjò ń rọ̀. Mo tò wọ́n léra sẹ́yìnkùlé, mo fi tàpólì bò wọ́n, mo rò pé mo gbọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ṣí i wò: aró! Aró rẹ́súrẹ́sú, ó nà gbọọrọ bí ìgbà tí ẹnìkan fi ìka fà á. Mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, mo fi ọ̀bẹ ha á, pàbó. Inú lọ́hùn-ún ló ti wá.

Àgbà káfíńtà kan ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbátan olú ni, tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, adùn tó ṣẹ́ kù sínú igi tútù ló ń wá kiri. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Lasiodiplodia theobromae. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn ká yín léyín. Òun kan náà ló ń ba iṣu tí wọ́n ti wà jẹ́, tó ń sọ èso kòkó di dúdú bí èédú. Ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan ò wá, àmọ́ ẹni yìí ò pa ọjà jẹ rí: ó ń ná ìsọ̀ oníṣu, ó ń ná ti onípákó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Okùn ìbátan olú yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe aró rárá, àwọ̀ ewé gbígbẹ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi: ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pupa, ṣé iṣan tí ẹ rí yìí pupa? Bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ń tan ojú jẹ.

Adùn ló jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan egungun igi. Pákó mi gba ìṣó dáadáa. Iye owó rẹ̀ ló já wálẹ̀. Gẹdú tó bá rì pátápátá sínú ọ̀sà, tí atẹ́gùn ò kàn, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bá gbẹ débi tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá 20 nínú 100, òun náà bọ́. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni tirẹ̀.

Bí ẹ bá ra arère nígbà òjò, ẹ fi igi wẹ́wẹ́ sí àárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè ráàyè kọjá. Tèmi ṣì wà lókè yìí. Ẹ gbójú sókè, ẹ wò ó.