Ṣé Àìtó Fítámì D Ni Ó Ń Fa Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn?

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fi owó sílẹ̀ díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, kí a sọ̀rọ̀ nípa ara àti ọkàn ẹni tí ń kó owó náà jọ.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ìlú Òyìnbó a máa ránṣẹ́ sílé pé dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò, ó ní fítámì D kò tó lára àwọn, pé bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kí inú àwọn máa dùn. Nígbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí bá délé, àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ sí í ra hóró oògùn náà fún ẹni tí kò rí oorun sùn, tí àyà rẹ̀ ń já, tàbí tí ìrònú ti gbà lọ́kàn. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè fẹ́ fi owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rà á. Ó yẹ kí a mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó náwó.

IBI TÍ FÍTÁMÌ D TI Ń WÁ

Àwọ̀ ara wa ni ó ń ṣe fítámì yìí nígbà tí oòrùn bá pa á. Yóò gba inú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kọjá kí ó tó di èyí tí ara lè lò. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó hàn jùlọ ni pé ó ń jẹ́ kí ara rí kálíṣíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, gbà láti inú oúnjẹ. A ń rí díẹ̀ nínú ẹja ọlọ́ràá, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran, ṣùgbọ́n oòrùn ni orísun rẹ̀ tí ó tóbi jù.

Àwọ̀ dúdú dà bí ìbòòji. Ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn líle, nítorí náà ó ń pẹ́ kí ó tó ṣe ìwọ̀n fítámì D tí àwọ̀ funfun ń ṣe. Èyí kò pa ẹni tí ń ro oko ní Ìlọrà lára, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ẹni tí ń ta ọsàn lẹ́bàá títì ní Fìdítì lára, nítorí oòrùn kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù October títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù March, oòrùn kò lágbára tó láti ṣe é rárá. Ìdí nìyí tí ìjọba ibẹ̀ fi gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti máa lo ìwọ̀n 10 máíkrógíráàmù lójoojúmọ́ nígbà òtútù, tí wọ́n sì ní kí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Dókítà àwọn ọmọ wa kò purọ́. Ilẹ̀ ni ó yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Ní ilé níbí, àwọn tí ó lè kàn ni arúgbó tàbí aláìsàn tí kì í jáde, ẹni tí aṣọ bò láti orí dé ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àti ọmọ ọwọ́ tí a ń sé mọ́ yàrá. Ẹ rántí pé oòrùn tí ó gba inú dígí fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹ má sì rò pé fítámì D ni gbogbo àìtó. Ní 1999, àwọn dókítà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Jos lórí ọmọ 123 tí egungun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún ní kálíṣíọ̀mù gbádùn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Wàrà, mílíìkì àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegun-teegun ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe aláìní, kì í ṣe oòrùn.

ÈWO NI Ó ṢÁÁJÚ?

Òótọ́ ni pé nígbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò, fítámì D a máa kéré lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ẹgbẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá rí i pé àwọn onígbèsè pọ̀ nínú àwọn tí kì í wá ìpàdé, ṣé àìwá ìpàdé ni ó sọ wọ́n di onígbèsè ni, àbí gbèsè ni ó ń tì wọ́n lójú tí wọn kò fi wá? Bákan náà ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kì í fẹ́ jáde síta, kì í sì jẹun dáadáa. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ lè mú kí fítámì D dín kù.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni pé kí a fún àwọn kan ní oògùn náà, kí a fún àwọn mìíràn ní hóró tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú. Ohun tí Dókítà Olivia Okereke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ṣe nìyẹn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Àgbàlagbà 18,353 tí ọjọ́ orí wọn tó 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n lò. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún bí ọdún 5. Àwọn tí ó lo fítámì D kò bọ́ lọ́wọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Lórí àwọn tí àìsàn náà ti mú tẹ́lẹ̀, ẹnu àwọn ìwádìí kéékèèké kò tíì kò. Ti àìbalẹ̀ ọkàn, ẹ̀rí tí ó wà níbẹ̀ kéré sí i.

Ìbànújẹ́ ìgbà òtútù tí Dókítà Norman Rosenthal ṣàlàyé ní 1984 pàápàá, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú wọlé ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ń pa àwọ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Bí fítámì D bá pọ̀ jù, kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yóò ga ju bí ó ti yẹ lọ. Èébì, òùngbẹ àti òkúta inú kíndìnrín lè tẹ̀ lé e.

ÀÌSÀN NI, KÌ Í ṢE ÌWÀ ÒYÌNBÓ

Ní 1953, Dókítà Carothers, Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin ènìyàn dúdú. Ọmọ wa, Dókítà T. A. Lambo, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti Dókítà Leighton láti Amẹ́ríkà wádìí káàkiri àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé àmì àìsàn yìí wà láàrin àwa Yorùbá dáadáa, bí a kò tilẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo fún un.

Àwọn àmì náà nìyí: kí inú ènìyàn bàjẹ́ tàbí kí ohun tí ó fẹ́ràn má wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí oorun dá lójú rẹ̀, kí oúnjẹ má lọ lọ́nà ọ̀fun, kí ó máa rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, kí ó máa rò pé òun kò wúlò. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

A lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí ó wà nítòsí wa. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò darí wa sí UCH ní Ìbàdàn tàbí sí Aró. Ìtọ́jú wà, nípa ìjíròrò àti nípa oògùn. Ẹni tí ó sì ti ń lo oògùn tí dókítà fún un kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí fítámì kankan.

IṢẸ́ TI ẸGBẸ́

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò, ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín lè tètè sọ̀rọ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í pa owó oṣù jẹ bá ṣàdédé dáwọ́ dúró, tí kò wá ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì léra, kí a tó kọ lẹ́tà gbèsè sí i, kí a tó sì ránṣẹ́ sí àwọn onídùúró rẹ̀, kí ènìyàn 2 kọ́kọ́ lọ kí i nílé. Kí wọ́n béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí gbèsè ni ó ń dà á láàmú, ìgbìmọ̀ lè bá a tún ọ̀nà tí yóò fi san án tò. Hóró fítámì kankan kò lè ṣe ìyẹn fún un.

Ẹ jẹ́ kí àwọn arúgbó wa máa jáde jókòó síta láàárọ̀. Ó dára fún egungun wọn, ìkíni àwọn tí ń kọjá lọ yóò sì mú inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ọkàn ń ṣe, ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó lè tọ́jú rẹ̀.