Ibà Inú Aṣọ: Àmì Tífọ́ọ̀sì Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀

  Ọ̀rọ̀ ibà la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n inú aṣọ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n lówe. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ìlera lónìí, torí iná aṣọ yìí, kòkòrò kékeré tó ń fara pa mọ́ sí ojú rírán, lè gbé ibà ńlá kan wá. Orúkọ ibà náà ni tífọ́ọ̀sì. Typhus ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ sínú ìwé.

Ẹ má fi í pe tífọ́ìdì o! Orúkọ wọn jọra, àmọ́ àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tífọ́ìdì ń bá omi àti oúnjẹ tí kò mọ́ wọlé. Tífọ́ọ̀sì tí à ń wí yìí, iná aṣọ ló ń gbé e kiri, kì í ṣe iná orí.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Iná á mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àrùn á wọ inú rẹ̀. Bó bá dé ara yín, ó ń jẹ yín, ó sì ń yàgbẹ́ síbẹ̀. Ara á yún yín, ẹ ó họ ọ́, ìgbẹ́ iná á bá ojú ibi tó bó wọlé. Ẹni tó bá fi èékánná tẹ iná pa, àrùn lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó kù léèékánná rẹ̀. Bí ara aláìsàn bá wá gbóná jù, tàbí tó bá kú, iná á fi í sílẹ̀, á wá ara ẹlòmíì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára ràn níbi tí èèyàn bá ti sùn mọ́ra.

Ẹ fetí sí àwọn àmì rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó yọjú.

Èkíní, ibà líle á dé lójijì, pẹ̀lú òtútù tó ń gbọn èèyàn.

Èkejì, orí á máa fọ́ni gan-an, oògùn ẹ̀fọ́rí kò ní ran án.

Ẹ̀kẹta, gbogbo ẹran ara á máa ro. Ní Bùrúńdì, sutama ni wọ́n ń pè é, torí ìrora yẹn ń mú kí aláìsàn lóṣòó. Ikọ́ náà lè bá a rìn.

Ẹ̀kẹrin, ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún, ara lè sú wẹ́wẹ́, láti àyà àti ikùn lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Kì í sábà dé ojú, àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀. Lára dúdú bíi tiwa, ó ṣòro láti rí. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé kì í ṣe òun.

Ẹ̀karùn-ún, ọkàn aláìsàn lè dàrú, kó máa sọ ìsọkúsọ. Èdè Gíríìkì la ti mú orúkọ typhus, èéfín ló sì túmọ̀ sí, bí ẹni pé èéfín bo ọpọlọ. Ẹ má tètè sọ pé ayé ló ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn!

Ta ló wá rídìí ọ̀rọ̀ yìí? Dókítà ará Faransé kan ni, Charles Nicolle, ní ìlú Tunis. Ó kíyè sí i pé bí aláìsàn bá ti wẹ̀, tó bọ́ aṣọ rẹ̀, tó wọ ti ilé ìwòsàn, kì í kó àrùn náà ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba aṣọ ìdọ̀tí náà ń ṣàìsàn. Ní 1909, ó fi hàn pé iná aṣọ ni. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1928.

Ẹ lè ní ibi òtútù ni àrùn yìí wà, ọ̀dọ̀ wa níbí palú ló pọ̀. Òótọ́ ni. Òkè tó tutù ló fẹ́ràn, níbi tí èèyàn kì í ti lè bọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ogun àti ìṣípòpadà ló ń gbé e dìde. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní Bùrúńdì ní 1993, àwọn èèyàn sá lọ há mọ́ra nínú àgọ́. Ní 1995 ó bẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n N'Gozi. Nígbà tó fi máa di 1997, àwọn tó mú ti ju 40,000 lọ. Ibikíbi tí èèyàn bá ti há mọ́ra, tí kò sí omi ìfọṣọ, ẹ lajú yín sílẹ̀.

Kí la ó ṣe? Bí ibà bá mú èèyàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kì í bá ṣe palú, tàbí tó lo oògùn palú tán tí ibà kò lọ, ẹ padà lọ kíákíá. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí iná bá wà láṣọ, ẹ má tijú. Oògùn palú kò ràn án, amoxicillin kò ràn án. Doxycycline ni wọ́n fi ń wò ó, ó sì ń tètè ṣiṣẹ́, àmọ́ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó sọ iye tí ẹ ó lò, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn lórí igbá. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ẹni kan nínú mẹ́wàá, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin àwọn àgbàlagbà.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ se é nínú omi gbígbóná, ẹ sá a, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ojú rírán rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi èékánná pa iná mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń sùn mọ́ra lọ́jà, ẹ má jọ da aṣọ ìbora kan bora. Ẹ̀yin tó ń ra ablónì, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ìbéèrè tí ẹ ó jíròrò rèé: ní abúlé yín, ta ni kò ní aṣọ ìpààrọ̀? Ta ni kò lágbára láti pọnmi fọṣọ, àgbàlagbà tó ń dá gbé ni àbí aláìsàn? Ọjọ́ wo lẹ ó lọ bá a fọ̀ ọ́? Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.