Bí A Kò Ṣe Ní Sanwó Ọjà Kan Lẹ́ẹ̀mejì
Oníṣòwò tó ń kó ọjà fún wa lè fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí, kí awakọ̀ rẹ̀ tún mú ti orí ìwé wá lọ́la. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló ń sanwó, owó ọjà kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni tó gbà á bá sì ti ná an, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

QuickBooks lè kìlọ̀ fún wa bí a bá tún tẹ nọ́ńbà ínfọ́ìsì tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ lórúkọ oníṣòwò kan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀: ọ̀tọ̀ ni “INV-045” lójú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni “45”. Bí nọ́ńbà ṣe wà lórí ínfọ́ìsì gan-an ni ká ṣe tẹ̀ ẹ́.